Ohùn Kan Nínú Ilé Ńlá: Ẹ Wá Olùtọ́jú Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ará wa, kò sí ẹni tí ó ń kọ́ ilé ńlá lóde òní, ìbáà ṣe ilé ìwòsàn, yunifásítì, pápákọ̀ òfurufú, gbọ̀ngàn àpéjọ tàbí mọ́sáláṣí tí ó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí kò ní ronú nípa bí ohùn àti àwòrán yóò ṣe dé gbogbo igun rẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe èyí ti yí padà. Ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó ń gbé ohùn àti àwòrán káàkiri ọ̀pọ̀ ilé ńlá báyìí. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ni pé ọ̀nà tuntun náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó tó wá ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, owó àwọn ènìyàn ni ó ń fi ṣòfò, ó sì lè fi ẹ̀mí wọn wewu pẹ̀lú.

Ní àtijọ́, wáyà bàbà kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń ti ara makirofóònù kọ̀ọ̀kan wá sí ìdí amplifáyà, láti ibẹ̀ ni wáyà mìíràn yóò ti máa lọ bá àwọn sípíkà. Bí ilé bá ṣe ń tóbi tó ni ìdì wáyà ń nípọn tó. Bí a bá sì fẹ́ kí ohùn dé yàrá tuntun kan, àfi kí a tún dá ògiri lu. Ní ọ̀nà ti ìsinsìnyí, ẹ̀rọ yóò wọn ohùn náà ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò sọ ọ́ di nọ́ńbà, yóò di àwọn nọ́ńbà náà sí àpò kéékèèké, yóò sì kọ àdírẹ́sì sí ara àpò kọ̀ọ̀kan bí ẹni kọ ọ́ sí ara lẹ́tà. Ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní switch, tí ó dúró bí oríta, ni yóò máa darí àpò kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ó ń lọ. Wáyà kan ṣoṣo tí ó ń gbé gigabit 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lè kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ohùn lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé ọ̀kan dàpọ̀ mọ́ èkejì.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1996 ni ilé-iṣẹ́ Peak Audio ní Amẹ́ríkà gbé CobraNet jáde. Ní ọdún 2006 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Audinate sílẹ̀ ní Australia, òun ni ó ni Dante tí ó gbòde lónìí. Nítorí pé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan kì í gbọ́ èdè ti èkejì, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn gbé òfin àjùmọ̀lò kan kalẹ̀ ní ọdún 2013, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AES67. Ìgbìmọ̀ tí ó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, kí ó kọ́kọ́ bèèrè bí ẹ̀rọ náà bá mọ AES67, kí ilé má baà di ẹrú ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan ṣoṣo títí láé.

Ẹ jẹ́ kí a wo àǹfààní kan tí ó kan olúkúlùkù wa. Ohùn ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó bá jókòó ní mítà 34 sí iwájú, tí sípíkà kan sì wà lára òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ gbọ́ ti ara òpó, lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni ti iwájú yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá a. Ohùn méjèèjì yóò máa gun ara wọn, ọ̀rọ̀ yóò sì di ariwo. Èyí ni ó fà á tí àwọn tí ó wà lẹ́yìn, pàápàá jù lọ àwọn obìnrin wa ní ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn, fi máa ń gbọ́ ariwo wàásù láìgbọ́ wàásù fúnra rẹ̀. Kì í ṣe sípíkà púpọ̀ sí i ni oògùn rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí a dá ti ara òpó dúró díẹ̀ kí ti iwájú lè bá a. Ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà mú kí èyí rọrùn, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti mú kí gbogbo ẹ̀rọ máa wo aago kan náà.

Àwòrán ni ẹrù rẹ̀ wúwo jù. Àwòrán fídíò tí ó mọ́ kedere, tí a kò fún pọ̀, lè gba gigabit 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà tí ó ń gbé gigabit 1 kò sì lè gbà á. Bí a bá fún un pọ̀, yóò gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ kí ó tó dé, ẹnu olùbánisọ̀rọ̀ yóò sì máa tẹ̀lé ohùn rẹ̀ lẹ́yìn. Bí a kò bá sì ṣètò switch dáadáa, àwòrán tí a fi ránṣẹ́ sí yàrá mẹ́ta péré yóò ya wọ gbogbo ilé, kọ̀ǹpútà àwọn akọ̀wé yóò sì máa wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín. Gbogbo ìwọ̀nyí ń fẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Kí ni ó burú bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n? Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1987, iná ṣẹ́yọ ní ibùdókọ̀ ojú irin King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù, ènìyàn 31 sì pàdánù ẹ̀mí wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá èrò sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lò ó láti kìlọ̀ fún wọn. Ìwádìí tí Desmond Fennell darí, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1988, fi hàn pé wọn kò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe bí iná bá ṣẹ́yọ. Ẹ̀rọ ti ìgbà náà kì í ṣe ti ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò yí padà: ẹ̀rọ tí kò ní ọwọ́ tí yóò lò ó, odi ni.

Ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà tilẹ̀ tún ní ewu tirẹ̀. Ní àtijọ́, bí wáyà kan bá já, sípíkà kan ni yóò dákẹ́. Lónìí, bí switch kan ṣoṣo tí ó wà láàárín bá kú, gbogbo ilé ni yóò dákẹ́. Àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ilẹ̀ wa níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa so bátìrì mọ́ amplifáyà, wọn a sì gbàgbé switch. Bí iná bá ṣẹ́jú lásán, switch lè lo ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó jí padà, ní gbogbo àkókò náà, kò ní sí ohùn. Bí a bá sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ̀rọ bá ti ilé-iṣẹ́ wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àlejò tí ó mú fóònù lọ́wọ́ lè fi ohùn tirẹ̀ kún gbogbo ilé.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa sí gbogbo ìgbìmọ̀ tí owó àwọn ènìyàn wà ní ìkáwọ́ wọn nìyí. Ẹ kọ́kọ́ yan ọ̀dọ́ méjì, ó kéré tán, kí ẹ sì rán wọn lọ kọ́ iṣẹ́ náà, nítorí bí ọ̀kan bá rìnrìn àjò, èkejì yóò wà nílé. Ẹ ya ọ̀nà ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà tí àlejò ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí switch méjì wà, kí wáyà wọn má sì gba ojú kan náà kọjá. Ẹ fi bátìrì sí ìdí gbogbo ohun tí ohùn ń gbà kọjá. Ẹ máa dán an wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnìkan sì rìn dé ẹsẹ̀ tí ó kẹ́yìn láti mọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ń dé ibẹ̀ ketekete.

Owó tí ìyá oníṣòwò kékeré mú wá láti ọjà, àmánà ni. Kò mú un wá kí a lè fi àpótí tí ń tan iná yọ̀yọ̀ ṣe fáàrí. Ó mú un wá kí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ níbi tí ó jókòó sí, kí a sì lè fi ohùn darí rẹ̀ jáde lálàáfíà ní ọjọ́ tí ewu bá dé. Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí a jẹ àmánà náà run.