Èdè Wo Ni Ẹ Fi Ṣòfin Gáàsì?

Ẹ̀gbọ́n kan wá tún éésì ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wa. Ó tú nọ́ọ̀tì kan, gáàsì inú ẹ̀rọ náà sì jáde, ṣùùù. A ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò léwu?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì! Atẹ́gùn lásán ni. Ó ti lọ."

Kò lọ. R-22 ni wọ́n kọ sára sìlíńdà tó gbé wá. Kílórínì wà nínú gáàsì yẹn, tó bá sì gòkè réré, ìpele ósónì tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn ló ń jẹ.

Ayé ti mọ̀ tipẹ́. Ní 1987 ni wọ́n ṣe àdéhùn Montreal, Nàìjíríà sì dara pọ̀ ní 1988. R-12 inú fíríìjì àtijọ́ ti kúrò nílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn náà ní 2010. Ó wá kan R-22 àti àwọn ẹbí rẹ̀: àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ní láti gé ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò ní 2020, ìdá 67.5 ní 2025, kó sì tán ní 2030, àfi bíńtín tí wọ́n máa fi tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe títí di 2040. A ò bá òfin yìí jà o. Ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ tó ń bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣiṣẹ́ sọ ní 2023 pé lórí ọ̀pọ̀ ibi láyé, ósónì yóò padà sí bó ṣe wà ní 1980 tó bá di nǹkan bí 2040.

Ìjà wa ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ òfin ìdáàbòbò ósónì tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2009. Ta ló di sìlíńdà mú? Kì í ṣe lọ́yà. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní Mushin tàbí n'Ìbàdàn ni. Yorùbá ni ọ̀gá fi kọ́ ọ, Yorùbá ló fi ń ná gáàsì lọ́jà. Ẹ ṣòfin fún un ní èdè tí kò fi ṣiṣẹ́, ẹ wá ń pè é ní arúfin!

Àwọn kan á ní ṣebí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ẹni tó lè fi Pijin bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lójú títì, ṣé ó ti lè ka abala òfin nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ náà sì ju ósónì lọ. Lára gáàsì tó ń rọ́pò R-22 ni R-290 wà. Propane ni, ìbátan gáàsì ìdáná. Kò ba ósónì jẹ́ rárá, àmọ́ ó ń gbiná. Ẹni tó ti ń fi iná jó páìpù láti ogún ọdún, tí gáàsì ò gbiná mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, ẹ gbé R-290 lé e lọ́wọ́, ẹ kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní. Bó bá jóná ńkọ́?

Ti tòkunbọ̀ tún wà ńbẹ̀. Láti 2015 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de rírọ R-22 sínú éésì. Èyí tí wọn ò lè rọ gáàsì sí mọ́ lọ́hùn-ún, ṣé inú òkun ni gbogbo rẹ̀ ń lọ?

Àwa gan-an kò mọ́ nínú ẹ̀bi. Lọ́dọọdún la ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí oríkì àti òwe, a sì lè fi odidi ọ̀sán jiyàn bóyá "ósónì" ni ká máa pè é tàbí ká ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun. Gbólóhùn tí ẹ̀gbọ́n yẹn nílò kò gùn: "Má tú gáàsì dànù, fi ẹ̀rọ fà á sínú sìlíńdà." Ẹ̀rọ náà wọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ pé ó wà kò lè béèrè pé kí ìjọba ran òun lọ́wọ́ rà á.

Kí NESREA gbé òfin yẹn jáde ní Yorùbá. Ẹ̀yin àgbà wa tó ti wà ní rédíò àti ní iléeṣẹ́ ìjọba, ẹ bá wa dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwa ti bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ ná. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n máa padà wá tún éésì kejì ṣe ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, a sì fẹ́ kí ojú ewé àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ wa.