Rélùwéè Dùn Ju Bàálù Lọ

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, a mọ̀ pé bàálù yá. Àmọ́ ẹni tó wọ bàálù láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, àwọsánmà ni yóò wò. Kó tó gbéra, yóò ti jókòó pẹ́ ní pápákọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti tú ẹrù rẹ̀ wò.

Ẹni tó wọ rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta yóò fojú rí ilẹ̀ Yorùbá: Agége, Agbádó, Pápáláńtò, Abẹ́òkúta, Òmì-Adió, títí dé Mọníyà. Kìlómítà 157 ni. Wàá dìde nasẹ̀, wàá kàwé, wàá bá ìyá àgbà tó kọjú sí ọ tàkùrọ̀sọ. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ò sì kàn ọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé Mọníyà ni ojú irin tuntun yìí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, parí sí. Ojú irin àtijọ́ ti dé Ìbàdàn láti 1901, ó sì gba Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá lọ sí Kánò. Lónìí, pápákọ̀ òfuurufú ni àwọn ìpínlẹ̀ wa ń kọ́: Èkìtì ti kọ́ tirẹ̀, Ògùn náà ti kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó nínú wa ló lè san owó bàálù?

Ẹ jẹ́ ká máa wọ rélùwéè tó wà, ká sì máa béèrè èyí tó kù. Ojú irin ló ń so ìlú mọ́ ìlú; orí ìlú ni bàálù ń fò kọjá.