Ìbẹ̀rù abẹ: Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà

Ẹ̀yin èèyàn wa, kò sí akọni tí wọ́n máa sọ fún pé ọ̀la ni wọ́n fẹ́ la ikùn rẹ̀ tí àyà rẹ̀ kò ní já. Ìbẹ̀rù abẹ kì í ṣe ìwà ojo. Lọ́dún 1811, nílùú Paris, ojú òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, Frances Burney, là sílẹ̀ kedere nígbà tí wọ́n ń gé ọmú rẹ̀. Ọtí wáìnì lásán ni wọ́n fún un mu. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹwàá, ọdún 1846, nílùú Boston ní Amẹ́ríkà, William Morton mú kí aláìsàn kan mí oògùn ether sínú, wọ́n sì gé kókó ọrùn rẹ̀ lójú àwọn dókítà láìjẹ́ pé ó ké ìrora. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ti yí padà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìbẹ̀rù ń múni ṣe ló léwu ju ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ lọ. Òun ni í mú oní-ìpá sá fún ọsibítù títí ìfun yóò fi há, tí iṣẹ́ tí ìbá rọrùn yóò wá di ti pàjáwìrì. Òun ni í mú ìyá yọ́ fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ mu lóru, kí ebi má baà pa á, tí wọn yóò sì purọ́ fún nọ́ọ̀sì láàárọ̀. Bí abẹ́rẹ́ oorun bá ti wọlé tán, oúnjẹ yẹn lè gòkè wá, kó sì já sínú ẹ̀dọ̀fóró. Òun náà ni í mú àwọn mìíràn fi àgbo tí wọ́n ń mu pamọ́, bẹ́ẹ̀ egbòogi mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá.

Nítorí náà, ẹ mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù gan-an, kí ẹ sì bèèrè. Ṣé àìjí ni? Ẹ bi dókítà tó ń fúnni lábẹ́rẹ́ oorun. Òun ni yóò máa ṣọ́ èémí, ìlùkìkì ọkàn àti ìfúnpá yín títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ṣé ìrora ni? Ẹ bèèrè oògùn tí wọn yóò lò sí i bí ẹ bá jí. Ṣé àṣìṣe ni? Lọ́dún 2008, Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde, tí wọ́n fi ń bèèrè orúkọ aláìsàn, irú iṣẹ́ náà àti ojú ibi tí wọn yóò gé. Nínú ìlú mẹ́jọ tí wọ́n ti dán an wò, tí Ifakara ní Tanzania wà lára wọn, àwọn tó ń kú nínú 1,000 aláìsàn dín láti 15 sí 8. Bí wọ́n bá bèèrè orúkọ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ má bínú.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má jókòó ti aláìsàn kí ẹ máa ròyìn ẹni tó kú sórí tábìlì. Ẹ lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbàdúrà.

Òótọ́ ni pé àìsàn ló ṣeé wò, a kì í wo ọlọ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bèèrè, tó sì sọ òótọ́, ti ṣe tirẹ̀. Irọ́ tó wà lẹ́nu aláìsàn mú ju abẹ tó wà lọ́wọ́ dókítà lọ.