Bí Ayé Bá Gbóná, Orí Ni Ká Tù



Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa rí nílùú òyìnbó. À ń lọ síbi iṣẹ́, à ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ti pè láti ilé pé ara ìyá kò yá, kò sì sí ìwé tí a ó fi rìnrìn àjò lọ wò ó. Lóru irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, báwo la ṣe ń gbàdúrà?

Ẹlòmíràn á da obì. Bí obì kò bá yàn, á tún un dà, á tún un dà, títí yóò fi rí èyí tó fẹ́. Nígbà tó bá fi di ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò béèrè mọ́, iyàn ló ń jà. Obì àbàtà olójú mẹ́rin tí à ń dà nílé, àti àgbọn tí àwọn ará wa ní Kúbà fi rọ́pò rẹ̀, ìránṣẹ́ ni wọ́n. A kì í yọ ìránṣẹ́ lẹ́nu títí yóò fi pa iṣẹ́ tí wọ́n rán an dà. Bí èsì kò bá dára, ká béèrè ẹbọ, ká rú u, ká sì fara balẹ̀.

Ọkàn tó gbóná kì í gbọ́ èsì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bọ Orí. Ní Bràsíìlì, borí ni wọ́n ṣì ń pè é títí dòní. Ní Kúbà, àgbọn, ẹfun àti òwú ni wọ́n ń gbé lé orí ẹni tí ìpọ́njú bá. Ètùtù ni gbogbo rẹ̀: kí orí kọ́kọ́ tutù.

Jíjọ̀wọ́ ara ẹni fún Olódùmarè kì í ṣe ìmẹ́lẹ́. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀, ẹ fowó oògùn ránṣẹ́, ẹ bi àbúrò léèrè bóyá ìyá jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìyá ní Orí tirẹ̀. Òun ló yàn án kó tó wá sáyé, a kò bá a yàn án. Bí Olódùmarè bá ní kó dìde, ọpẹ́ ni. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ rẹ̀ ló pé, ẹ̀bẹ̀ wa kò ṣòfò: ó sin ìyá dé ilé, ó sì gbé àwa ró.

Bọrí ńlá ń fẹ́ ọwọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, ẹ lè bu omi tútù, kí ẹ fi tọ́ àtàrí yín, kí ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí: “Orí mi, ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti ṣe èyí tí agbára mi ká. Ìyókù dọwọ́ ìwọ àti Olódùmarè.” Bí ẹkún bá dé, ẹ sun ún. Kí ẹ wá fi obì sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Orí á gbè wá o. Àṣẹ.