Àtíbàbà aláràbarà nínú ọgbà òyìnbó: Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ọmọ Yorùbá

Bí àgbàlagbà kan bá gbọ́ pé àwọn kan kọ́ ilé tó rẹwà lóṣù kẹfà, tí wọ́n sì tú u palẹ̀ kí ọdún tó parí, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé owó ló pọ̀ lápò wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wáyé ní London láti ọdún 2000 nìyẹn, yàtọ̀ sí ọdún díẹ̀, nínú ọgbà àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Kensington.

Ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Serpentine ló wà nídìí rẹ̀. Ní àsìkò ooru, wọ́n á ké sí ayàwòrán ilé kan, tó jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà kò tíì kọ́ ilé kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, kó wá gbé ilé onígbà díẹ̀ kalẹ̀ sórí koríko. Zaha Hadid, obìnrin ọmọ bíbí Iraq, ló ṣe ti àkọ́kọ́. Lọ́dún 2017, ó kan Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso. Igi ńlá tí àwọn ará abúlé rẹ̀ ń pàdé lábẹ́ rẹ̀ ló wò ṣe àwòkọ́ṣe. Ó kun ògiri rẹ̀ láwọ̀ aró, bí òjò bá sì rọ̀, omi a máa gba àárín òrùlé dà sílẹ̀, bó ṣe ń dà sí àgbàlá agboolé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 2022, Kéré di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí táwọn ayàwòrán ilé kà sí jù lọ lágbàáyé.

Èyí tó kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n wáyé lọ́dún 2019 ní Dulwich, gúúsù London. Yinka Ilori, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ síbẹ̀, àti ilé iṣẹ́ Pricegore ló gbé "Colour Palace" kalẹ̀ nínú ọgbà ilé ìṣàfihàn àwòrán tó ti ń gba àlejò láti ọdún 1817. Aṣọ aláràbarà ọjà Balógun l'Ékòó ni wọ́n wò kun pákó rẹ̀, wọ́n sì gbé e ka orí òpó ràbàtà mẹ́rin aláwọ̀ pupa.

Àwọn kan ní ìnákúnàá ni. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é gbé sọnù, nítorí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ti Serpentine lọ́dún 2021 dá awuyewuye sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò jókòó rí lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ níbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú arúgbó? Bí ayẹyẹ bá parí, wọ́n á tú u, ilẹ̀ á sì padà sí bó ṣe wà. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìnákúnàá.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni pé tuntun dé sí Dulwich, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ògbólógbòó. L'Ékòó, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ojú rí. Ilojo Bar tó wà ní Tinúbú, ilé tí wọ́n kọ́ lọ́nà ti àwọn Àgùdà, tí ìjọba sì ti kéde ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹwà wo ló wá bù sí Tinúbú?

Ó yẹ kí àwọn ọba alayé àti ìjọba ìbílẹ̀ ronú sí i. Bí ọdún ìlú bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n ké sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ilé yíyà ní yunifásítì, kí wọ́n gbé àtíbàbà ìgbàlódé kalẹ̀ síwájú ààfin tàbí ilé àtijọ́ tó ṣẹ́kù. Ẹni tó bá wá wo tuntun yóò rí ògbólógbòó, yóò sì mọyì rẹ̀ kí katakata tó dé.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ Balógun ti dé Dulwich, ó ti gba ìyìn. Kí àwọn tó wà nílé má ṣe fọwọ́ ara wọn wó ilé tí ẹ̀ṣọ́ ti jáde.