Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Fíìmù Lórúkọ

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó yẹ kí àwọn olóòtú tí ń kọ̀wé nípa sinimá Yorùbá sínú Wikipedia, ìwé-ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, fi sọ́kàn. Gbogbo àyọkà inú ìwé náà ni ó ní ojú-ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tirẹ̀, níbi tí àwọn olóòtú ti lè bá ara wọn jiyàn lórí àtúnṣe àti lórí orúkọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kan fíìmù Yorùbá, ìbéèrè kan ni ó gba iwájú: ṣé bí a ti tẹ orúkọ sára ìwé ìpolówó, láìsí àmì ohùn, ni kí a gbé e kalẹ̀ ni, tàbí bí àkọtọ́ ti là á sílẹ̀? Àkọtọ́ ni ó yẹ kí ó borí.

Ẹ wo Ó Le Kú, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1997 láti inú ìtàn àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí a tẹ̀ ní 1974. Bí a bá bọ́ àmì ohùn kúrò lára orúkọ yìí, ta ni yóò mọ̀ bóyá ohun tí ó le kú ni à ń wí, tàbí ẹni tí ó lè kú? Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀run Móoru, fíìmù Moses Ọláìyá ti 1982. Ẹni tí ó bá rí Orun Mooru lásán lè kà á sí ọ̀run tí a ń lọ, ọrùn tí orí jókòó lé, tàbí ọrun tí a fi ń ta ọfà. Orúkọ tí kò jẹ́ kí a mọ ohun tí òun ń jẹ́ kò tíì di orúkọ.

Àwọn kan ń jiyàn pé ẹni tí ó bímọ ni ó ni orúkọ ọmọ. Wọ́n a ní Aiye ni Hubert Ògúndé pe fíìmù rẹ̀ ti 1979, Jaiyesimi sì ni èyí tí ó tẹ̀lé e ní 1980. Ta ni olóòtú tí yóò wá yí i padà? Àríyànjiyàn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ti sọ pé ayé ni kí a máa kọ, kì í ṣe aiyé. Ọ̀rọ̀ ẹnu Ògúndé kò yí padà. Lẹ́tà tí a fi kọ ọ́ sílẹ̀ ni ó yí. Kí ìtàn má baà sọnù, kí olóòtú fi Ayé ṣe àkọlé, kí ó sì sọ nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ pé Aiye ni a fi polówó fíìmù náà nígbà tí ó jáde.

Àwọn mìíràn ní àmì ohùn yóò dí ẹni tí ń wá àyọkà lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ àmì lórí fóònù. Ìwé-ìmọ̀ náà ti pèsè oògùn èyí: àtúnjúwe. Ẹni tí ó bá tẹ Saworoide, a ó darí rẹ̀ sí Ṣaworoidẹ láìjẹ́ pé ó ṣe wàhálà kankan. Èdè Vietnam náà ń lo àmì ohùn, àmì wọn kò sì kúrò lórí àkọlé nínú ìwé-ìmọ̀ tiwọn. Kí ni ó wá dé tí Yorùbá nìkan yóò fi máa rìn níhòòhò lọ́jà?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ọwọ́ dilẹ̀. Àwọn amúnisìn kọ orúkọ ìlú Ọ̀tà ní Otta. Lónìí Ota ni a ń kọ ọ́, láìsí àmì. Àwórí tí ó ni ìlú mọ ìyàtọ̀ láàárín Ọ̀tà, ọ̀tá àti ọta ìbọn. Ṣùgbọ́n ọmọ òṣìṣẹ́ tí a bí sí Ìjókò tàbí Ṣàngó-Ọ̀tà, tí àwọn òbí rẹ̀ bá iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ dé láti ọ̀nà jíjìn, orí fóònù ni ó ti ń rí Yorùbá tí a kọ sílẹ̀ jù. Olùkọ́ ń kọ́ ọ ní Ṣaworoidẹ ní kíláàsì, fóònù ń fi Saworoide hàn án. Èwo ni yóò kọ sínú ìwé ìdánwò? Ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìbéèrè ènìyàn pàápàá ń kọ́ èdè láti inú ìwé-ìmọ̀ yìí. Àṣìkọ tí a bá gbìn síbẹ̀ ni yóò hù níbi gbogbo.

Orúkọ nìkan kọ́ ni àtúnṣe. Àyọkà tí ó to orúkọ òṣèré jọ bí ẹni to àkàrà kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tí yóò kọ nípa Ìjà Òmìnira ti 1979 gbọ́dọ̀ sọ pé Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀, pé Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, ni ó gbé e jáde, àti pé inú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí ni ìtàn náà ti wá. Nígbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀ pé ọ̀nà kan já láti ìwé sí sinimá.

Ẹnikẹ́ni ni ó lè ṣe àtúnṣe sí ìwé-ìmọ̀ yìí. Olùkọ́ Yorùbá tí ó bá ń ráhùn pé ayélujára ń ba èdè jẹ́, tí kò sì fi àmì ohùn kan ṣoṣo kún un, ní ìpín nínú ẹ̀bi náà.