Ohun A Ní Là Ń Náání: Ẹ̀kọ́ Ìlú Fredericksburg

Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gi ń náání èèpo igi. Àwọn àgbà ò dédé mú aṣẹ́gi nínú gbogbo oníṣẹ́ ayé. Ẹni tó ń ta gẹdú àti pákó, èèpo igi kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Gbígbá ni yóò gbá a dànù. Ṣùgbọ́n nílé aṣẹ́gi, èèpo ni wọ́n fi ń dáná alẹ́. Ọmọ ibẹ̀ kò ní kọjá lára rẹ̀ kó má bẹ̀rẹ̀ mú un. Òwe náà kò sì sọ pé ọmọ ọ̀hún ń yin èèpo igi, tàbí pé ó ń kọrin nípa rẹ̀. Ó ń ṣà á ni, ó ń kó o pa mọ́ kí òjò má baà pa á.

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó máa ń mú òwe yìí wá sí mi lọ́kàn. Fredericksburg lorúkọ rẹ̀. Àárín àwọn òkè olókùúta tí wọ́n ń pè ní Hill Country ló wà, nǹkan bí máìlì 70 sí San Antonio. Ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1846 ni àwọn Jámánì bí 120 fi kẹ̀kẹ́ ẹrù dé ibẹ̀ láti New Braunfels. Ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Jámánì dá sílẹ̀ ló ṣètò ìrìn àjò wọn, John Meusebach sì ni aṣojú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n fún olúkúlùkù ní ilẹ̀ ìkọ́lé kan nínú ìlú àti éékà 10 fún oko.

Àwọn Comanche ló ń gbé àgbègbè náà kí wọ́n tó dé. Meusebach kò kó ogun lọ bá wọn. Ó lọ bá àwọn olóyè wọn jókòó, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1847. Títí dòní ni àwọn ará ìlú fi ń yangàn pé àdéhùn náà kò yẹ̀. Àwọn Jámánì tó kù díẹ̀ káàtó, tí wọn ò ní ju àáké àti irúgbìn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ààyè fìdí múlẹ̀.

Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí yóò kọ́kọ́ rí i pé títì àárín ìlú fẹ̀ gan-an. Wọ́n là á bẹ́ẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà lè rí àyè yí padà. Ẹ tún wo orúkọ àwọn òpópónà tó dábùú rẹ̀. Bí ẹ bá ti ẹ̀gbẹ́ kóòtù forí lé ìlà-oòrùn, tí ẹ sì ń to lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn jọ, Adams, Llano, Lincoln, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìkíni ni yóò jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì: gbogbo yín, ẹ káàbọ̀. Bí ẹ bá kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, láti Crockett àti Orange lọ, ó di: ẹ tún padà wá o.

Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ilé Sọ́ńdè. Oko àwọn àgbẹ̀ àti darandaran jìnnà sí ìlú. Tó bá di ọjọ́ Sátidé, bàbá á kó ìyàwó àtọmọ sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọn á wọ̀lú wá tajà, wọn á ra ohun tí wọ́n fẹ́, wọn á sùn, kí wọ́n lè rí ìsìn ọjọ́ Àìkú ṣe kí wọ́n tó padà sóko. Ilé tí wọ́n ń sùn sí yìí lè má ju yàrá kan lọ, pẹ̀lú àjà lókè níbi táwọn ọmọ ń sùn. Àkàsọ̀ sábà máa ń wà níta, lára ògiri, ibẹ̀ làwọn ọmọ ń gbà gòkè. Ìgbà tí mọ́tò dé, tí ọ̀nà sì dára, àgbẹ̀ lè wọ̀lú kó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ilé Sọ́ńdè kò níṣẹ́ mọ́. Nílùú mìíràn, wọn ì bá ti wó o kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Níbí, wọ́n tún òrùlé rẹ̀ ṣe, wọ́n fi àkàsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, àwọn àlejò sì ń sanwó gidi lónìí láti sùn nínú irú yàrá tí àgbẹ̀ ń sùn láyé àtijọ́.

Mi ò sọ pé wọn kò ṣì í ṣe rí. Ilé onígun mẹ́jọ kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1847, Vereins Kirche, tí àwọn èèyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ó jọ ẹ̀rọ ìlọ kọfí. Òun ni ṣọ́ọ̀ṣì gbogbo ìjọ, òun náà ni ilé ìwé. Lẹ́yìn tí ìlú ṣàjọ̀dún àádọ́ta ọdún, wọ́n wó o. Nígbà tó di àárín ọdún 1930 sí 1940, wọ́n tún ná owó kọ́ irú rẹ̀ sí gbàgede ọjà. Bákan náà, púpọ̀ nínú aṣọ àti ọ̀ṣọ́ Bavaria tí wọ́n ń tà fún àlejò kì í ṣe ogún ibẹ̀: Nassau, Hesse àti Hannover ni ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wọn ti wá. Ọjà lásán nìyẹn, ilé Sọ́ńdè ni ogún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni ti èdè. Jámánì ni wọ́n ń sọ nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lọ́jà, irú Jámánì kan tó dá yàtọ̀ tó jẹ́ ti Texas nìkan. Nígbà tí Amẹ́ríkà bá Jámánì wọ ogun ní 1917, èdè náà di ohun ìfura. Ní 1918, ìjọba Texas ṣòfin pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ nílé ìwé ìjọba. Ogun kejì tún dé. Chester Nimitz, tí wọ́n bí ní Fredericksburg ní 1885, tí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ Jámánì onílé ìtura níbẹ̀, ló ṣáájú àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà lórí òkun Pàsífíìkì. Síbẹ̀, àwọn òbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè náà pa mọ́ fún ọmọ, kí wọ́n má baà fi ọmọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́, kó lè rọ́wọ́ mú. Lónìí, àwọn arúgbó nìkan ló kù tó ń sọ ọ́. Láti 2001 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Hans Boas ti Yunifásítì Texas ní Austin ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀ kó má baà parẹ́ pátápátá.

Yunifásítì kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Tóyìn Fálọlá wa ti ń kọ́ni ní ìtàn Áfíríkà. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kàn án ni pé Texas tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún wa mọ́. Àwọn Yorùbá pọ̀ ní Houston, wọ́n pọ̀ ní Dallas. Aṣọ òkè wa ń tàn ní gbogbo òde àríyá, ìlù ń dún, a ń náwó. Ṣùgbọ́n ẹ bá ọmọ ọdún mẹ́wàá sọ̀rọ̀ lóde àríyá náà, kí ẹ gbọ́ èdè tí yóò fi dáhùn. Àwọn Jámánì ní òfin àti ogun méjì tí wọ́n lè kà sí àwáwí. Kò sí òfin kankan ní Texas lónìí tó ní kí ìyá má bá ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá nínú ilé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tó wà níbẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Fredericksburg nígbà ìsinmi. Ẹ fi ilé Sọ́ńdè hàn wọ́n, ẹ ra píìṣì fún wọn lẹ́bàá ọ̀nà bó bá bọ́ sí àsìkò rẹ̀. Láti Houston, ìrìn bíi wákàtí mẹ́rin ni. Ẹ dákun, ẹ fi Yorùbá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá máa sọ nínú mọ́tò.